Òṣùwọ̀n Ọmọ Ènìyàn

Ọlọ́jà a máa fi kóńgò wọn gàrí, a sì máa fi ọ̀pá wọn aṣọ. Bí ẹnì kan bá gbé kóńgò kalẹ̀ tí ó ní òun fẹ́ fi í wọn aṣọ òkè, gbogbo ọjà ni yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdánwò rí: ó ní ohun tí ó lè wọ̀n, ó sì ní èyí tí kò lè wọ̀n. Ìtàn ìdánwò àṣewọlé sí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà yóò fi èyí yé wa.

Ní ọdún 1900 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ilẹ̀ náà para pọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní College Board, kí ìdánwò àṣewọlé lè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olówó, bí èdè Látìn àti Gíríìkì, wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọmọ tálákà tí a kò kọ́ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní ìrètí púpọ̀.

Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé ìdánwò mìíràn kalẹ̀, ìyẹn SAT, tí wọ́n ní yóò máa wá òye inú ọmọ. Carl Brigham, olùkọ́ ní Yunifásítì Princeton, ni ó ṣe olórí àwọn tí ó ṣètò rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1926 ni a kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn 8,040 ni ó jókòó sí i, ìbéèrè 315 ni wọn yóò sì dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 97. Ẹ rò ó wò: ó lé ní ìbéèrè mẹ́ta fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan!

Brigham yìí ti kọ ìwé kan ní ọdún 1923. Ó fi ìdánwò tí a ṣe fún àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní gbé e kalẹ̀ pé ọgbọ́n àwọn òyìnbó àríwá Yúróòpù ju ti àwọn ará gúúsù àti ìlà-oòrùn rẹ̀ lọ, ó sì ju ti àwọn aláwọ̀ dúdú lọ. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 1930, Brigham fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé iṣẹ́ náà kò ní ìpìlẹ̀. Ó ti rí i pé ẹni tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáradára, tí kò sì mọ àṣà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò lè yege nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni kò lè ṣe irú ìjẹ́wọ́ yìí.

Síbẹ̀ ìdánwò náà ṣe rere. James Conant, tí ó di olórí Yunifásítì Harvard ní ọdún 1933, kò fẹ́ kí ibẹ̀ jẹ́ ti ọmọ olówó nìkan. Ó ní kí Henry Chauncey wá ọ̀nà tí a ó fi rí àwọn ọmọ olóye tí kò lówó lọ́wọ́, ní ìlú gbogbo, kí a lè fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. SAT ni wọ́n fi yàn wọ́n.

Nígbà tí ó di pé ìdánwò kan ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í du kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1946, Stanley Kaplan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ Brooklyn bí wọn yóò ti borí SAT. Àwọn tí ó ń ṣe ìdánwò náà ní irú ẹ̀kọ́ àfikún bẹ́ẹ̀ kò lè wúlò, ṣùgbọ́n àwọn òbí kò dá wọn lóhùn. Owó ẹ̀kọ́ náà di ẹrù ní ilé púpọ̀. Oorun dá lójú ọmọ, ọkàn òbí kò sì balẹ̀, bí ẹni pé máàkì ọjọ́ kan ni yóò sọ bí ayé ọmọ yóò ti rí títí láé.

Ní ọdún 2019, àṣírí ńlá tú. Ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn ẹ̀tàn kan àwọn ènìyàn tí ó lé ní 50. Àwọn òbí ọlọ́rọ̀ ti fún ọkùnrin kan tí à ń pè ní William Singer lówó, kí ó bá wọn wá ẹni tí yóò ṣe ìdánwò fún ọmọ wọn, tàbí tí yóò tún ìdáhùn rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí ó bá kọ ọ́ tán. Àwọn kan lára àwọn ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ̀ sí i. A rán Singer lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ní ọdún 2023. Àwọn òbí kan náà sì ti ṣe ẹ̀wọ̀n ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a ra máàkì fún, ọmọ tí a kò kọ́ ni. Ó sì ti gba àyè ọmọ ẹlòmíràn tí ó fi òru kàwé.

Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní kì í ṣe dandan mọ́ kí ènìyàn ṣe SAT. Ṣùgbọ́n MIT padà sí i ní ọdún 2022, Harvard sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2024. Wọ́n ní ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí ọmọ olóye tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lókìkí. Kóńgò ṣì wúlò fún gàrí.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ìtàn yìí ṣe àwáwí ọ̀lẹ. Ẹ kàwé yín, kí ẹ sì múra sí ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò sí máàkì tí ó lè sọ bóyá ènìyàn jẹ́ olóòótọ́, bóyá ó ní sùúrù, tàbí bóyá ó ní àánú lójú. Ẹni tí ó bá kùnà nínú ìdánwò lè tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ rere ra máàkì ni yóò pẹ́ kí ó tó rí tirẹ̀ gbà padà.