Ìfọ́lé Abẹ́òkúta àti Ìjọ Tí Kò Parun

Bí a bá ń ṣe ìrántí bí ẹ̀sìn Kristi ṣe wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, orúkọ Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu wa. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, tí ìjọ Aké fi rú jáde. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a dá ìjọ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ìjọ dúró. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó gbàgbọ́ ló mú ìjọ náà dúró, inúnibíni ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ẹ̀rí rẹ̀.

Èkíní ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1849. Àwọn onígbàgbọ́ kò bọ òrìṣà ìdílé mọ́, wọn kò sì fẹ́ kí a fi ètùtù sin òkú wọn. Lójú àwọn àgbà, ẹni tó bá kọ òrìṣà baba rẹ̀ ti kọ ẹbí nìyẹn; àwọn àwòrò náà sì rí i pé oúnjẹ ń bọ́ lẹ́nu àwọn. Wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́, wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ pé kí wọ́n padà sẹ́yìn. Àwọn míṣọ́nnárì kò ní ju ẹnu láti fi bẹ àwọn olóyè. Kò sí ọmọ ogun òyìnbó kankan níbẹ̀ tó lè gbà wọ́n. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò yẹsẹ̀.

Ìdánwò tó le jù, èyí tí a ń pè ní Ìfọ́lé, dé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867. Àwọn èrò ìlú ya wọ ilé ìsìn àti ilé míṣọ́n, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń tẹ ìwé ìròyìn tí a ń pè ní Ìwé Ìròhìn láti 1859 jẹ́. Àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú lèyí, kì í ṣe ti ìgbàgbọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó lọ́dún 1861, John Glover tó ń ṣàkóso Èkó sì ń kó ọlọ́pàá sún mọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá kọ́ ló gba Èkó. Kódà, nígbà tí Dàhòmì ṣígun wá lọ́dún 1864, John Òkénlá, Balógun àwọn onígbàgbọ́, kó àwọn Kristẹni jáde láti gbèjà ìlú. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n jẹ, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ sẹ́ Olúwa wọn.

Àwọn mìíràn a ní àwọn onígbàgbọ́ tó sá lọ sí Ẹ̀bùté Mẹ́tà ní Èkó lẹ́yìn Ìfọ́lé kò ní ìgbàgbọ́ tó. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ sọ fáwọn ọmọ ẹ̀yìn pé bí wọ́n bá ṣe inúnibíni sí wọn ní ìlú kan, kí wọ́n sá lọ sí òmíràn. Ibi tí wọ́n sá lọ, wọ́n tún kó ara wọn jọ láti sin Ọlọ́run. Àwọn tó kù nílé sì ń pàdé lábẹ́ àwọn àlùfáà àti olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Townsend padà lọ́dún 1875, ó bá ìjọ láàyè. Ìjọ tó lè wà láìsí òyìnbó fún ọdún mẹ́jọ ti kúrò ní ẹ̀sìn àlejò. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a ka ọdún Ìfọ́lé mọ́ ọdún ìdásílẹ̀ ìjọ Ẹ̀gbá.