Ọmọ JSS àti olùkọ́ tó le koko: ohun tó yẹ kí ọmọ àti òbí mọ̀

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń kọ́ ọmọ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Olùkọ́ náà mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìyá rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọ JSS 1, nǹkan yí padà. Agogo á lù, olùkọ́ ìṣirò á jáde, ti Gẹ̀ẹ́sì á wọlé. Ẹ̀kọ́ tó lé ní mẹ́wàá ló ń dúró dè é, olùkọ́ tí yóò máa bá pàdé lọ́sẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá là ń sọ o. Láti ọdún 1982 tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ni àwọn ọmọ wa ti ń la àyípadà yìí kọjá, síbẹ̀ àwọn òbí tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún un kò pọ̀. Nínú olùkọ́ mẹ́wàá, ó ṣòro kí ọ̀kan má le.

Ohun tí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọmọ kì í tètè hàn sí ará ilé. Ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn inú rírun ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìṣirò bá wà lórí tábìlì àkókò. Á máa pẹ́ níbi omi, á máa fara pamọ́ sẹ́yìn kíláàsì, nígbà tó bá sì yá, á máa sá fún ẹ̀kọ́ náà pátápátá. Ìṣirò kò sì dà bí ìtàn tí èèyàn lè fo orí kan nínú rẹ̀ kó tún bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí ìdá kò bá yé ní JSS 1, áljíbrà JSS 2 á di òkè ńlá fún un. Bí ìdánwò àṣekágbá JSS 3 bá dé, èsì rẹ̀ wà lára ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ máa ń wò láti pinnu bóyá ọmọ á lọ sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tàbí òmíràn. Olùkọ́ kan lè tipa bẹ́ẹ̀ yí iṣẹ́ tí ọmọ ìbá ṣe láyé padà, láìmọ̀ pé òun lòun ṣe é. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa sọ fún ọmọ pé, "Ṣáà máa fara dà á."

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ya olùkọ́ tó le sọ́tọ̀ kúrò lára olùkọ́ tó burú. Olùkọ́ tó le ní òfin, òfin náà kan gbogbo kíláàsì, ọmọ sì mọ ohun tó ń bí i nínú. Bó bá gba ìwé, ó ń máàkì í. Ọ̀pọ̀ wa tí a dàgbà lónìí ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò dúpẹ́ nígbà náà. Ti olùkọ́ tó burú yàtọ̀: òfin rẹ̀ ń yí bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí. Ohun tó fi rẹ́rìn-ín lánàá ni yóò fi na ọmọ lónìí. Ó ń pe ọmọ ní olódo lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi ipò òbí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọmọ tí kò bá sanwó lẹ́sìnnì wọn kì í rí máàkì gidi gbà. Kí òbí tó dájọ́, kó bi ọmọ léèrè pé: ṣé ìwọ nìkan ló ń ṣe é sí ni, àbí gbogbo yín? Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú kó tó bínú? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ni ọmọ máa ń gbójú fò jù.

A ò sì ní fi ti olùkọ́ ṣàwàdà. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kí akẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama má ju 40 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láàárín ìlú ńlá mọ bó ṣe rí. Èyí kò sọ ìwà ìkà di ohun tó dára, àmọ́ ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí ohùn ẹlòmíràn fi máa ń le kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ní ti ọmọ fúnra rẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kó jókòó síwájú, nítorí ẹ̀yìn kíláàsì ni ojú olùkọ́ tó ń bínú máa ń kọ́kọ́ lọ. Kó parí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, kó sì fi sílẹ̀ lásìkò, kí ẹ̀sùn má baà rọrùn. Bí wọ́n bá bá a wí láìtọ́ lójú gbogbo èèyàn, kó má fèsì níbẹ̀. Olùkọ́ tó dúró níwájú àádọ́ta ọmọ kò ní fẹ́ kí ojú ti òun, bí ọmọ bá sì jàre pàápàá, kò ní gbà. Ní ìgbà ìsinmi ni kó lọ bá a ní yàrá àwọn olùkọ́, kó mú ìwé rẹ̀ dání, kó kí i bó ṣe yẹ, kó sì béèrè ohun kan pàtó: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣe é débi báyìí, ibi tó kàn ni kò yé mi." Kó má ṣe sọ pé, "Kí ló dé tí ẹ kórìíra mi?" Gbólóhùn àkọ́kọ́ fún olùkọ́ ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, èkejì sọ ọ́ di ẹlẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó dà bí ẹkùn níwájú pátákó ló máa ń di èèyàn jẹ́jẹ́ nídìí tábìlì rẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ló ń wá bá a níbẹ̀.

Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ náà ṣì gbọ́dọ̀ wọlé láti ibòmíràn. Olùkọ́ ìṣirò kíláàsì kejì wà, ẹ̀gbọ́n tó ti kọjá níbẹ̀ wà, ọ̀rẹ́ tó gbọ́ ọ yékéyéké wà. Ohun tó léwu jù ni kí ìkórìíra olùkọ́ di ìkórìíra ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni.

Kí ọmọ ní ìwé kékeré kan nílé, kó máa kọ ọjọ́, ohun tí wọ́n sọ tàbí ṣe, àti ẹni tó wà níbẹ̀ sínú rẹ̀. Kó tọ́jú gbogbo ìwé ìdánwò tí wọ́n ti máàkì. "Ó máa ń nà mí ṣáá" kò lágbára níwájú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú déètì wọn lágbára. Olùkọ́ tó ni kíláàsì ni kí a kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà olùgbaninímọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́, kó tó kan igbákejì ọ̀gá àti ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ náà wà níbẹ̀, kì í ṣe owó ìdàgbàsókè nìkan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe gba ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wọlé pẹ̀lú ariwo àti àwọn ọmọọ̀ta. Ọmọ yín ló máa kù síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá lọ tán. Ẹ má sì ṣe fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kó máa nà án bó ṣe wù ú, nítorí ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún láti ọdún 1916, ní abala 295, gbà pé àṣẹ tí olùkọ́ fi ń bá ọmọ wí wá láti ọ̀dọ̀ òbí, àti pé òbí lè sọ ní gbangba pé òun kò fún un. Abala yẹn kan náà sọ pé ìbáwí tí kò bá ọjọ́ orí àti ìlera ọmọ mu, tàbí èyí tó dá ọgbẹ́ sí i lára, kò ní àwíjàre. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti sọ di tiwọn, tún dáàbò bo iyì ọmọ lọ́wọ́ ìfìyàjẹ ara àti ti ọkàn. Àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, TRCN, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ní ìlànà ìwà tó de gbogbo olùkọ́.

Àwọn ohun kan wà tí kò sí sùúrù fún rárá. Bí olùkọ́ bá fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, bó bá ń pè é wá sílé òun nìkan, tàbí bó bá nà án débi pé ó ṣèṣe, kí ọmọ má lọ bá olùkọ́ náà sọ ohunkóhun. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó sọ fún òbí tàbí àgbàlagbà mìíràn tó fọkàn tán. Ilé ìwòsàn ló kàn, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀, lẹ́yìn náà àgọ́ ọlọ́pàá. Ní Èkó, àjọ DSVA, tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2021, ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí kò lójútùú, òbí lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí kíláàsì kejì, bíi láti JSS 1A sí JSS 1B. Ìparí sáà ló dára jù láti béèrè fún un, kó tó di pé olùkọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ máàkì. Bí wọ́n bá gbà fún yín láàárín sáà, ẹ rí i dájú pé máàkì ìdánwò kéékèèké tí ọmọ ti ṣe tẹ̀lé e lọ síbẹ̀, torí bí kò bá sí nínú ìwé olùkọ́ tuntun, òdo ni wọ́n máa kọ sí i.