Láti Ẹwìrì Alágbẹ̀dẹ dé Compresseur: Ìtàn Èémí Ẹ́ńjìnnì ní Ọ̀nà Bassila àti Manigri

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ mu ní agbègbè wa. Láti Manigri dé Bassila, láti Bassila dé Pénessoulou, títí a ó fi gun òkè Alédjo, ọ̀pọ̀ ẹrù iṣu, kájú àti òwú ni ó ṣì wà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ó ti dàgbà. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọ òkè, ìmọ̀ràn kan a máa yọjú: ẹ jẹ́ kí a fi compresseur sí i, kí ó lè mí dáadáa. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n owó ìdílé ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì náà. Bí ó bá fọ́, irè oko yóò jẹrà sí ẹ̀yìn ilé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ìtàn ẹ̀rọ yìí kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé alágbẹ̀dẹ. Kò sí iná tí ń jó láìsí atẹ́gùn. Alágbẹ̀dẹ mọ èyí, ìdí nìyí tí ó fi ń fi ẹwìrì fẹ́ iná kí irin tó rọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo iná irin ni ó nílò ẹwìrì. Ní ìwọ̀ oòrùn wa, ní agbègbè Bassar ní ilẹ̀ Togo, àwọn ayọ́rin mọ ìléru amọ̀ gíga, wọ́n sì fi ọ̀pá amọ̀ oníhò sí ìdí rẹ̀. Bí iná bá ti gbóná, ooru a máa gòkè, atẹ́gùn tútù a sì máa wọlé fúnra rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń yọ́ irin títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nítorí náà, ọ̀nà méjì tí iná fi ń mí kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ wa: iná tí ń fa atẹ́gùn fúnra rẹ̀, àti iná tí a ń fẹ́ atẹ́gùn fún. Ọ̀nà méjì yìí kan náà ni ẹ́ńjìnnì fi ń mí.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìlú Connersville ní Indiana, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Philander àti Francis Roots, ní ilé iṣẹ́ tí ń fi irun àgùntàn hun aṣọ. Omi ni ó ń yí ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi túbọ̀ lágbára. Wọ́n ṣe irin méjì tí ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àpótí kan. Kò wúlò tó fún omi, ṣùgbọ́n ó fẹ́ atẹ́gùn lọ́nà ìyanu. Ní ọdún 1860, wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ẹwìrì ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ṣe kí ó tó dé inú ọkọ̀.

Ní ọdún 1885, Gottlieb Daimler ti Jámánì gba ìwé àṣẹ lórí èrò pé a lè fi agbára ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1905, Alfred Büchi, ọmọ Switzerland, mú èrò mìíràn wá: kí èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù máa yí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn. Èyí ni a mọ̀ sí turbo lónìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Auguste Rateau, ọmọ Faransé, fi irú rẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, nítorí pé atẹ́gùn fẹ́lẹ́ lókè. Ní ọdún 1938, General Motors gbé ẹ́ńjìnnì Series 71 jáde, tí ó ń lo gasoil, tí ó sì ní ẹ̀rọ Roots lára. Ẹ́ńjìnnì yìí kò lè mí rárá láìsí ẹ̀rọ náà, nítorí òun ni ó ń lé èéfín jáde tí ó sì ń mú atẹ́gùn tuntun wọlé. Ní ọdún 1954, Volvo gbé ọkọ̀ akẹ́rù Titan Turbo jáde.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa ní gbogbo àkókò yìí? Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó kúrò ní Cotonou gba Savè lọ sí Parakou. Kò ya sí Bassila. Ojú ọ̀nà ilẹ̀ nìkan ni ó kù fún wa. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, iṣẹ́ tipátipá ni a fi ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, títí òfin ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1946, tí a ń fi orúkọ Houphouët-Boigny pè, fi fòpin sí i. Ní àwọn ọdún 1950, ètò tí wọ́n pè ní Opération Hirondelle ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ẹ̀pà láti Niger wá sí Parakou, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e dé Cotonou. Ní ọdún 1959 sí 1960, Berliet kó ọkọ̀ rẹ̀ gba aṣálẹ̀ Ténéré kọjá láti fi han ayé pé kò sí ibi tí kò lè dé. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn wa ti mọ̀ pé ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí kì í kọ ọ̀nà ni ó ní ọjà.

Lẹ́yìn náà ni quatre-quatre Toyota gba ojú ọ̀nà. Ní ọdún 1990, ilé iṣẹ́ náà gbé ẹ́ńjìnnì gasoil méjì jáde fún Land Cruiser, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní sìlíńdà mẹ́fà, ó sì tó lítà 4.2. Ọ̀kan ni 1HZ, tí ń mí fúnra rẹ̀. Èkejì ni 1HD-T, tí ó ní turbo. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí nìyí: àwọn tí ó ṣe é kò kàn mú turbo kí wọ́n so ó mọ́ 1HZ. 1HZ ń fún atẹ́gùn pọ̀ ju ìlọ́po 22 lọ kí epo tó gbiná. Ní ti 1HD-T, wọ́n dín ìfúnpọ̀ náà kù sí nǹkan bí ìlọ́po 18 àti ààbọ̀, wọ́n sì yí ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé padà. Atẹ́gùn tí a ti fún pọ̀ níta kò gbọdọ̀ tún bá ìfúnpọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, TRD, ẹ̀ka Toyota, ta compresseur fún ẹ́ńjìnnì 1FZ-FE tí ń lo epo bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìwọ̀n rẹ̀ láti bá ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo náà mu.

Ẹ̀kọ́ ìtàn náà ṣe kedere: ẹnikẹ́ni tí ó bá fi kún èémí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tọ́jú ara rẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́líìtì ni ó ń so compresseur mọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ó ń jẹ nínú agbára tí ó fẹ́ fi kún. Atẹ́gùn tí a fún pọ̀ a máa gbóná, ooru ọ̀dọ̀ wa kò sì kéré: atẹ́gùn ìwọ̀n 40 fi nǹkan bí ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju ti ìwọ̀n 15 lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa wá ọ̀nà wọlé, àlàfo tí ó wà láàárín irin méjì inú ẹ̀rọ Roots kò sì fẹ̀ rárá. Eruku ni yóò jẹ ẹ́. Kpayo tí a ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà kò ní ìwọ̀n kan pàtó, bẹ́ẹ̀ sì ni epo tí kò dára a máa gbiná ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì tí a fún lọ́rùn, a sì lu písítọ̀n.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a máa sá fún ẹ̀rọ náà. Ìwọ̀n ni kí a kọ́kọ́ wò: bí sìlíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn mọ sí, bí rẹdiétọ̀ ṣe ń tutù sí, bí asẹ́ atẹ́gùn ṣe mọ́ sí, bí epo ṣe ń wọlé sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ tí ó kọ òkè Alédjo kò nílò compresseur. Asẹ́ rẹ̀ ni ó dí, tàbí kí àwọn ẹnu tí ń fọ́n epo ti gbó. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá pé, tí owó sì wà, kí a fi ìwọ̀nba atẹ́gùn kún un, kí a sì máa wo ooru èéfín rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà mẹkáníìkì Bassila àti Manigri, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, ní Anii àti ní Faransé. Ìmọ̀ ìléru Bassar fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn tí ó ń yọ́ irin lọ sí ọ̀run. Kò yẹ kí ìmọ̀ àwọn tí ó mú ọkọ̀ àtijọ́ wa gun òkè fún àádọ́ta ọdún tún lọ bẹ́ẹ̀.