Ìrìnàjò Alùpùpù àti Ìpàgọ́ ní Aṣálẹ̀

Ìrìnàjò alùpùpù ní aṣálẹ̀ ni kí ènìyàn gun ọ̀kadà tàbí alùpùpù ńlá kúrò lójú títì ọlọ́dà, kí ó gba orí iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ gbígbẹ kọjá, kí ó sì máa pàgọ́ síbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí. Aṣálẹ̀ tó súnmọ́ wa jù ni Sàhárà, tí fífẹ̀ rẹ̀ ju mílíọ̀nù 9 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ìbàràpá tiwa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í ṣe aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ a máa wá bá wa nílé lọ́dọọdún. Eruku tí ọyẹ́ ń dà sórí páànù ní Lánlátẹ̀, Èrúwà àti Igbó-Ọrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń gbéra. Ẹni tó bá ti sá aṣọ tútù sórí okùn láàárọ̀ ọyẹ́, tó sì rí bó ṣe gbẹ kó tó dáná oúnjẹ tán, ti rí ohun tí afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ń ṣe sí ara ènìyàn. Òógùn a máa gbẹ kí ẹni tó ń làágùn tó mọ̀ pé òun ń làágùn. Nítorí náà, ohun tí àyọkà yìí fẹ́ fi hàn kò ju ọ̀kan lọ: ilé ni wọ́n ti ń parí ètò ìrìnàjò aṣálẹ̀, nígbà tí ọ̀fun ṣì tutù, nítorí pé òǹgbẹ a máa mú làákàyè lọ kó tó mú ẹsẹ̀.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Bí omi tó tó ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara ènìyàn bá ti jáde lára rẹ̀ láìsí àfirọ́pò, ìrònú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Fún ẹni tó wọn 70 kìlógíráàmù, lítà kan àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀ ni ìyẹn, kò tó ìgò omi ńlá kan tí wọ́n ń kiri ní mọ́tò páàkì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ti alùpùpù nínú iyanrìn lọ́sàn-án gangan lè làágùn tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láàárín wákàtí méjì, ẹni tí kò mu omi ti di ẹni tí kò yẹ kí ó máa dá ìpinnu ṣe, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Yóò máa rò pé orí òun pé. Yóò rí òkìtì iyanrìn kan lọ́ọ̀ọ́kán, yóò ní ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ láti fẹsẹ̀ rìn lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ń lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí òkú ènìyàn 92 nínú aṣálẹ̀ ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Niger, lẹ́bàá ààlà Algeria. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ ló bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n túká láti wá omi lọ, òǹgbẹ sì pa wọ́n káàkiri. Kì í ṣe eré ni àwọn yẹn bá lọ sí aṣálẹ̀, àìní ló lé wọn débẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn láìkáàánú. Ṣùgbọ́n iyanrìn kì í bi ènìyàn léèrè ohun tó bá wá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tiwọn wé ti Mark Thatcher, ọmọ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tó sọnù nínú eré ìdíje Paris sí Dakar ní oṣù kìíní ọdún 1982. Ọkọ̀ tiwọn náà bàjẹ́ ní ìhà gúúsù Algeria, òun àti awakọ̀ kejì àti mẹkáníìkì wọn dúró ti ọkọ̀ náà, ọjọ́ mẹ́fà sì kọjá kí ọkọ̀ òfúrufú tó rí wọn. Òótọ́ ni pé àwọn alágbára ló ń wá wọn, owó àti orúkọ sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọkọ̀ hàn láti òkè ju ènìyàn lọ, òjìji rẹ̀ sì wà fún ènìyàn láti sá sí. Nítorí náà òfin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lé lórí kí wọ́n tó kúrò nílé ni pé bí ẹ̀rọ bá kú, ẹnikẹ́ni kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí òǹgbẹ ti ń gbẹ kò lè ronú kan òfin yìí fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìwé.

Lẹ́yìn òfin yìí ni ìṣirò kàn, omi ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ká ní ẹni méjì ló fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta níbi tí kò sí kànga. Bí a bá wọn lítà 8 fún ẹnì kan lójúmọ́, tí mímu, sísè àti fífọ ojú wà nínú rẹ̀, lítà 48 nìyẹn, kìlógíráàmù 48 ni wíwúwo rẹ̀: kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Epo ló tẹ̀lé e. Alùpùpù tó ń jẹ lítà 5 ní 100 kìlómítà lójú ọ̀dà lè jẹ 8 nínú iyanrìn rírọ̀, torí pé táyà ń rì, ẹ́ńjìnnì sì ń ké. Fún 300 kìlómítà, lítà 24 fún alùpùpù kọ̀ọ̀kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ táǹkì kò gbà ju lítà 12 lọ. Ẹrù wá ń wúwo, alùpùpù tó wúwo ń rì sí i, èyí tó ń rì ń jẹ epo sí i. Ibí yìí ni ènìyàn ti máa ń rí i pé ìrìnàjò tí òun fọkàn sí kò ṣeé ṣe láìsí ọkọ̀ ńlá kan tí yóò máa gbé omi àti epo tẹ̀ lé wọn, tàbí kí ó gé ọ̀nà kúrú. Ẹ jẹ́ kí ìwé sọ fún yín nílé. Kò yẹ kó jẹ́ iyanrìn ni yóò sọ ọ́. Nínú omi tí a bá sì gbé, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ti àlọ, ìdá kan ni ti àbọ̀, ìdá kẹta kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni títí aburú yóò fi dé.

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ Yorùbá kan ti gun alùpùpù la Sàhárà já láìsí gbogbo ariwo yìí. Òótọ́ ni. Kunle Adeyanju gbéra láti London ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọjọ́ 41 gbáko, láti fi kó owó jọ fún ìgbógunti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Akíkanjú ni, ìwúrí sì ni fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tó gbà: ọ̀nà etí òkun Atlantic ni, láti Morocco gba Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà wọ Mauritania dé Senegal, títì ọlọ́dà tí ìlú àti ilé epo wà lójú rẹ̀. Ooru àti ìjì iyanrìn wà níbẹ̀, ìyà ńlá ni wọ́n fún ẹni tó dá rìn, ṣùgbọ́n bí alùpùpù bá kú lójú ọ̀nà náà, ọkọ̀ mìíràn yóò kọjá. Ojú ọ̀dà àti inú aṣálẹ̀ kì í ṣe ìrìnàjò kan náà. Kódà níbi tí Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà ti bá Mauritania pààlà ní Guerguerat, ẹni tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà lè tẹ bọ́ǹbù tí wọ́n rì sílẹ̀ láti ìgbà ogun tó jà níbẹ̀. Ohun tí àpẹẹrẹ Adeyanju fi hàn ni pé ẹni tó yan ọ̀nà rẹ̀ dáadáa lè dá lọ, bẹ́ẹ̀ yíyan ọ̀nà, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é.

Àwọn mìíràn á ní ayé ti lajú, pé fóònù sátẹ́láìtì ti pa ìpayà aṣálẹ̀ rẹ́. Ará Lánlátẹ̀ mọ̀ nípa sátẹ́láìtì kí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà tó mọ̀ ọ́n: láti ẹ̀wádún 1970 ni ibùdó ńlá tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ti wà ní ìlú náà, tí ìpè láti Nàìjíríà sí òkè òkun ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà náà. Ohun tó nílò àwo ràgàjì ayé ìgbà yẹn ti wọ àtẹ́lẹwọ́ lónìí, kí gbogbo ẹgbẹ́ tó ń lọ sì mú un dání, pẹ̀lú bátìrì tó kún àti kọ́ńpáàsì tí kò nílò bátìrì rárá. Ṣùgbọ́n ìpè kì í pọn omi. Láàárín ìgbà tí a pè àti ìgbà tí olùrànlọ́wọ́ dé, ọjọ́ kan tàbí méjì lè wà, ìdá omi kẹta yẹn ni a ó fi dúró dè é.

Ní ti ẹ̀rọ, mo gbà pé ọlọ́kadà Ìbàràpá ní ìmọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń rò lọ. Ẹni tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko ní ọ̀nà erùpẹ̀ ti mọ bí táyà ṣe ń yọ̀ nínú iyanrìn tí ọ̀gbàrá kó jọ. Kí ó máa wo iwájú dípò ẹsẹ̀ táyà, kí ó dìde dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀, kí ó má dín iná kù lójijì: gbogbo rẹ̀ ṣeé kọ́ ní ọ̀nà oko Lánlátẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí yóò fi kún un ni títú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 15 lórí géèjì, kí táyà lè tẹ́ lórí iyanrìn, kí ó sì fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ ẹ padà bó bá dé ibi líle. Asẹ́ atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì ni yóò máa fọ̀ lálaalẹ́, nítorí iyanrìn tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò ha písítìnì jẹ. Tiúùbù méjì, ohun èèlò fọkanáísà, ṣéènì àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì ni kó kó dání. Alùpùpù kékeré tí mẹkáníìkì ìlú èyíkéyìí lè tún ṣe dára, lójú tèmi, ju ẹ̀rọ olówó ńlá tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ àrùn rẹ̀.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń rìn, nígbà tí òtútù òru ṣì mú iyanrìn le. Ọ̀sán wà fún òjìji. Kí oòrùn tó wọ̀ ni kí àgọ́ ti dúró. Ojú odò gbígbẹ máa ń tẹ́jú, ó sì máa ń wu ẹni tó rẹ̀ láti sùn sí, ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ níbi tó jìnnà lè di àgbàrá tí yóò gbá àgọ́ lọ lóru láìsí ẹ̀kán kan lórí. Àpò kékeré tí a rọ iyanrìn kún, tí a rì mọ́lẹ̀, ló ń di okùn àgọ́ mú, torí èèkàn lásán kì í dúró. Aṣọ òtútù ṣe dandan. Láàárọ̀, ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́ nítorí àkeekèé.

Omi kànga tí ẹ bá bá lọ́nà, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é. Ìbàràpá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí. Ní Ìdèrè, omi adágún ló fi sòbìà jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn níyà fún ọdún pípẹ́, asẹ́ aláṣọ sì wà lára ohun tó lé e lọ kí wọ́n tó kéde lọ́dún 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé ìrìnnà, físà àti ìwé alùpùpù ń gba oṣù púpọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 ni Niger, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS, nítorí náà kí ẹni tó ń lọ tún béèrè òfin ẹnubodè wọn lákọ̀tun. Ọ̀ràn ààbò ló sì lè pa ètò rẹ́ pátápátá. Wọ́n fagi lé eré Dakar ti ọdún 2008 lẹ́yìn tí wọ́n pa arìnrìnàjò ará Faransé mẹ́rin ní Mauritania, eré náà kò sì padà sí Sàhárà wa mọ́. Ó lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà Saudi Arabia. Bí eré tó ní bàálù tirẹ̀ bá lè yí padà, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà mẹ́ta lè yí padà. Òkìtì iyanrìn wà ní Yobe nílẹ̀ wa níbí, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìbọn kò bá tíì dákẹ́ ní agbègbè náà, ọ̀nà oko Ìbàràpá ni ìdánrawò ti yẹ kó ṣẹlẹ̀: ọjọ́ méjì nínú ọyẹ́, pẹ̀lú ẹrù pípé, lítà 8 fún ẹnì kan lójúmọ́, kí wọ́n sì wọn èyí tó ṣẹ́ kù lálẹ́ ọjọ́ kejì.