Báwo ni ilé ìwòsàn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó ní Kumasi ṣe di ti gbogbo aráàlú?

Bí ara ẹni tó ń gbé ní Ashanti New Town, àdúgbò tí àwọn ará Kumasi ń pè ní Ash Town, kò bá yá lónìí, ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye wà nínú ìlú kan náà fún un. Kò sí ẹni tó máa wo àwọ̀ ara rẹ̀ kó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn méjì ló wà lórí òkè tó kọjú sí Bantama nígbà náà, ọ̀kan fún òyìnbó, èkejì fún aláwọ̀ dúdú. Nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó wá láti òkè òkun ni irú ìpínyà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀.

Dókítà kan nínú odi

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, "ibojì òyìnbó" ni wọ́n ń pe etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibà ló ń pa àwọn tó bá wá ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ìjọba tó bá sì rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wá bí ara rẹ̀ yóò ṣe le.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ìjọba náà ń rán kiri o. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1900, àwọn Ashanti dó ti odi òyìnbó ní Kumasi nínú ogun tí Yaa Asantewaa léwájú. Àwọn ọmọ ogun láti Èkó, nǹkan bí 250, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé láti gba àwọn tó wà nínú odi sílẹ̀. Ọ̀gágun Aplin ló kó wọn lọ. Àwọn náà há mọ́bẹ̀, ebi àti àìsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

Nígbà tí Gómìnà Hodgson já jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun ló fi sílẹ̀ láti máa ṣọ́ odi. Dókítà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Hay ló wà pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ 15 oṣù Keje ni Willcocks tó kó ọmọ ogun mìíràn wá, agbára káká sì ni àwọn tó bá láàyè fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ dókítà aláwọ̀ dúdú

Èyí tó yani lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé aláwọ̀ dúdú ti ṣe ọ̀gá àgbà fún gbogbo dókítà ìjọba ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. John Farrell Easmon, ọmọ Sierra Leone, ló wà nípò náà láti ọdún 1893 sí 1897. Òun ló kọ ìwé ní 1884 lórí irú ibà burúkú kan tó máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ aláìsàn dúdú, àìsàn tó ń mú òyìnbó gan-an. Ẹni tí ìjọba rán wá láti London ìbá ṣòro kó rí dókítà tó mọ àìsàn ilẹ̀ yìí jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo dókítà rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Àwíjàre wọn ni pé òṣìṣẹ́ òyìnbó kò ní í fẹ́ kí dókítà dúdú tọ́jú òun tàbí ìyàwó òun. Wọ́n ní ìtọ́jú òṣìṣẹ́ àwọn ni àwọn ń wá, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn lé àwọn tó mọ ilẹ̀ dànù.

Lẹ́yìn tí Ronald Ross ti fi hàn ní 1897 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, àwọn onímọ̀ kan sọ pé ara àwọn ọmọdé aláwọ̀ dúdú ni ẹ̀fọn ti ń gbé e, pé kí òyìnbó máa gbé níbi tó jìnnà sí wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n W. J. Simpson, tí wọ́n rán wá nígbà tí àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní 1908, tún tẹnu mọ́ ọn. Bí Ridge ṣe di àdúgbò òyìnbó nìyẹn, ní Accra àti ní Kumasi.

Gbogbo wọn kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀ ṣá. William MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, kọ ìpínyà náà. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ omi àbàtà kúrò, kí wọ́n sì máa fún gbogbo ènìyàn ní kíníìnì.

Eku kò mọ ààlà

Ní ọdún 1924, àrùn eku wọ Kumasi. Kòkòrò kéékèèké tó ń gbé lára eku ló ń kó àrùn yìí ran ènìyàn, ibi tí ilé bá ti fún mọ́ra ni eku sì ti ń rí àyè. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó dé láti Sekondi ní 1903 ti sọ Kumasi di ìlú ọjà ńlá, èrò ń wọ́ wá láti ibi gbogbo, títí kan àwọn oníṣòwò Yorùbá. Bí àrùn bá gbilẹ̀ ní ọjà, akọ̀wé, ọlọ́pàá àti ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń se oúnjẹ òyìnbó á gbé e dé Ridge.

Ní 1925, ìjọba dá ìgbìmọ̀ ìlera ìlú sílẹ̀ fún Kumasi. Wọ́n wó àwọn ilé tó há gádígádí, wọ́n sì la àwọn àdúgbò tuntun tí òpópónà wọn tọ́. Ara ètò fífẹ ìlú yìí ni Ashanti New Town. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ààfin Manhyia sí lọ́dún yẹn kan náà fún Prempeh Kìíní, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìgbèkùn ní Seychelles.

Ilé ìwòsàn náà ṣì wà ní méjì síbẹ̀. Ní àwọn ìgbà kan tí kò wọ́pọ̀, wọ́n máa ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nípò gíga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba sí ti òyìnbó. Ipò nìkan ló lè ṣí ilẹ̀kùn náà.

Ipò pàápàá kì í sábà tó. Agnes Yewande Savage, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Nàìjíríà, ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó gboyè ìṣègùn òyìnbó, ní Edinburgh ní 1929. Nígbà tí ìjọba gbà á síṣẹ́ ní Gold Coast, owó oṣù rẹ̀ kò tó ti òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀, ibùgbé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sì ni wọ́n fi í sí. Fraser, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Achimota, ló bá a jà kí ìjọba tó tún àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ohun tó mi ìjọba ní Èkó

Ní ọdún 1947, ìjọba ní London rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Ivor Cummings, wá sí Èkó. Ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọn kò fún un ní yàrá. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó fi ariwo ta, Gómìnà Arthur Richards sì pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin níbi tí ọwọ́ ìjọba bá dé. Òfin tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lókè òkun ti wá ń bu òṣìṣẹ́ ìjọba kan náà jẹ.

Ní Kumasi, èrò ìlú tó ń pọ̀ sí i ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1952, wọ́n kó ilé ìwòsàn òyìnbó kúrò lórí òkè lọ sí bárékè àwọn ológun ní Kwadaso, kí àyè lè gba ilé ìwòsàn tuntun. Wọ́n parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1955, ọdún méjì kí Ghana tó gba òmìnira, wọ́n sì pè é ní Kumasi Central Hospital. Àwọn ará ìlú ń pè é ní "Gee". Láti 1975 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Komfo Anokye, àwòrò tí ìtàn sọ pé ó pe àga wúrà sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run fún Osei Tutu. Idà tí wọ́n ní ó fi gún ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rí fà yọ, wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà títí di òní.