Ilé Ìjọba Harrisburg àti Ìwé Owó Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé kan tí a kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìlú Harrisburg, tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ Pennsylvania. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa wí nínú ọkàn wọn pé, kí ni ti Harrisburg ti kàn wá? Ẹ fi sùúrù bá wa lọ díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti í kó owó ìlú lọ láìfọ́ ilẹ̀kùn, láìyọ idà, tí àwọn tí ó kó o sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn sí ìwé, kò ní rí ibi tí a ti lè kọ́ ọ tó ibẹ̀ yẹn, nítorí pé a wádìí ọ̀ràn náà ní gbangba ilé ẹjọ́ títí dé orí ẹsẹ̀ bàtà kan àti ìwọ̀n pọ́n-ùn kan.

Ìpínlẹ̀ Pennsylvania kì í ṣe ibi tí àwọn oníwàkiwà dá sílẹ̀. William Penn, ọmọ ẹgbẹ́ Quaker, ni ọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní ìwé àṣẹ ilẹ̀ náà ní ọdún 1681, ó sì fẹ́ kí ó jẹ́ ibi tí olúkúlùkù yóò ti máa sin Ọlọ́run láìsí inúnibíni. Ní ọdún 1812 ni Harrisburg di olú-ìlú. Ilé bíríkì tí a parí fún àwọn aṣòfin níbẹ̀ ní ọdún 1822 dúró títí di ọjọ́ kejì oṣù Fẹ́búárì ọdún 1897, nígbà tí iná mú un tí ó sì jó o kanlẹ̀. Àwọn aṣòfin kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ ń ṣe ìpàdé nínú ilé ìsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí ó wà nítòsí. A kò gbọ́ pé ìjókòó nínú ilé Ọlọ́run pa wọ́n lára rárá, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọ́ pé ó yí wọn padà.

Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi dípò èyí tí ó jó kò wu ẹnikẹ́ni. $550,000 péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, owó sì tán kí a tó fi ẹwà kankan sí i lára. Nígbà tí wọ́n wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1899, bí ilé iṣẹ́ tí a ti ń hun aṣọ ni ó rí lójú àwọn ènìyàn. Ojú ti ìpínlẹ̀ ọlọ́rọ̀ náà. Ní ọdún 1901 a ṣe òfin titun pé kí a kọ́ ilé tí ó yẹ, kí owó rẹ̀ má sì ju $4,000,000 lọ. Ayàwòrán ilé ará Philadelphia kan, Joseph Huston, ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, ni a yàn láti ya ilé náà. Philadelphia yìí ni ìlú tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìfẹ́ ará, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin tí ń ka Ìwé Ìfihàn ti mọ̀.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a sọ bí ìṣèlú ibẹ̀ ti rí. Ẹgbẹ́ Republican ni ó ń ṣe àkóso Pennsylvania láti ọdún pípẹ́, ẹgbẹ́ náà sì ní baba ìsàlẹ̀. Matthew Quay ni baba ìsàlẹ̀ náà títí ó fi kú ní ọdún 1904. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Boies Penrose. Ẹni tí baba ìsàlẹ̀ kò bá fi ọwọ́ sí, asán ni kí ó máa dá ara rẹ̀ láàmú láti du ipò. Ẹ̀rù òfin kì í fi bẹ́ẹ̀ ba àwọn ènìyàn irú ìlú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń ná owó, ẹni tí ń pa owó mọ́, àti ẹni tí ń yẹ ìwé owó wò, inú àwo kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀ràn gbé wà. $4,000,000 tí òfin wí, ti kíkọ́ ilé nìkan ni. Ìgbìmọ̀ kan wà tí ń ṣọ́ owó yẹn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àpò kejì wà. Láti ìgbà pípẹ́ ni ìgbìmọ̀ mìíràn ti wà fún ìtọ́jú ilé àti ilẹ̀ ìjọba: Gómìnà, Olórí Ayẹ̀wé-owó, àti Akápò ìpínlẹ̀ ni wọ́n jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Iṣẹ́ wọn ni láti ra àga, tábìlì, fìtílà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé ìjọba, a kò sì pààlà sí owó tí wọ́n lè ná. Nígbà tí ó jẹ́ pé àga mẹ́wàá tàbí ogún ni wọ́n ń rà lọ́dún, ta ni yóò bìkítà? Ilé tí ó ní yàrá tí ó ju ẹgbẹ̀ta lọ ni wọ́n wá dojú kọ báyìí.

Oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ilé kan ní Philadelphia, John H. Sanderson, ni ó gba iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀, nítorí pé inú bí wọ́n ti kọ ìwé àdéhùn ni ọgbọ́n olè náà wà. Wọn kò kọ ọ́ pé àga kan, iye báyìí; tábìlì kan, iye báyìí. Wọ́n kọ ọ́ pé ohun èlò igi ilé, ẹsẹ̀ bàtà kan, $18.40. Wọ́n kọ ọ́ pé fìtílà ńlá tí a ń so rọ̀ sókè, ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, $4.85.

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá wá sí ilé ẹnikẹ́ni nínú yín, tí ó ní òun yóò gba owó tábìlì ní ẹsẹ̀ bàtà-ẹsẹ̀ bàtà, ohun tí ìyàwó ilé yóò kọ́kọ́ bi í ni pé: ẹsẹ̀ bàtà ti ibo? Ṣé ti gígùn rẹ̀ ni, tàbí ti ojú rẹ̀, tàbí kí a wọn gbogbo àyè tí ó gbà nínú yàrá, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀? Ìwé àdéhùn Harrisburg kò sọ. Oníṣòwò olóòótọ́ tí ó fẹ́ dá iye tirẹ̀ kò lè mọ ohun tí yóò dá, nítorí kò mọ ohun tí a ó wọ̀n. Ẹni tí ó bá ti bá àwọn tí yóò wọ̀n ọ́n sọ̀rọ̀ nìkan ni ó lè fi ọkàn balẹ̀ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti fìtílà, bí a bá sọ fún alágbẹ̀dẹ pé bí ọkọ́ bá ti wúwo tó ni a ó ti san owó rẹ̀ tó, ṣé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò rọ ọ́ fún wa bí?

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan tí ó di òkìkí. A ṣe ìjókòó gíga kan fún àwọn aṣòfin láti máa jókòó lé nígbà tí a bá ń dán bàtà wọn. Nínú ìwé owó, a wọ̀n ọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà 88. Ẹ fi 88 sọ $18.40 di púpọ̀, ẹ ó rí $1,619.20. Iye yẹn gan-an ni ìpínlẹ̀ san. Nǹkan bí $125 ni a sì kà á sí pé ó tó. Ọ̀pá àsíá tí a rò pé kò yẹ kí ó ju $150 lọ, $850 ni a san lórí rẹ̀. Láti orí ọ̀pá àsíá dé ibi ìdábàtà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n lọ. Alábòójútó ilé ìjọba, James Shumaker, a jẹ́rìí sí i pé ẹrù dé. Huston tí ó ya ilé a fọwọ́ sí i pé ó tọ́. Olórí Ayẹ̀wé-owó, William Snyder, àti Akápò, William Mathues, a sì jẹ́ kí owó jáde. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, owó tí a ná sí inú ilé sún mọ́ $9,000,000, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì owó tí a fi kọ́ ilé fúnra rẹ̀ lọ.

Báwo ni àṣírí ṣe tú? Inú ń bí àwọn ènìyàn ní ọdún 1905 nítorí ọ̀ràn gáàsì ìlú Philadelphia, tí àwọn olóṣèlú fẹ́ fi yá ilé iṣẹ́ kan fún ọdún púpọ̀. Nínú ìbínú yẹn ni wọ́n dìbò fún ẹni tí kò sẹ́ni tí ó rò pé ó lè wọlé, William H. Berry, ará Chester, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ẹni tí í máa wàásù nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ipò Akápò ni wọ́n yàn án sí. Bí ó ti di Akápò ni ó di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ń ṣe ìgbìmọ̀ ilé ìjọba, ìwé owó sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Gbogbo ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún pé $4,000,000 ni ilé náà gbà, a sì ń yin àwọn aláṣẹ pé wọ́n rìn létí òfin. Berry ka ìwé, ó ṣírò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ síta ní ọdún 1906 pé owó tí ó jáde sún mọ́ $13,000,000.

A fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí èyí: Berry kò ṣe iṣẹ́ ìyanu kankan. Kò gun ògiri, kò sì fi ẹ̀tàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìwé tí ó kà, ó ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé, àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ sì ti kà á. Ohun tí ó yàtọ̀ kò ju pé kì í ṣe ọmọ agbo wọn lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Òkítóbà ọdún 1906, Ààrẹ Theodore Roosevelt fúnra rẹ̀ wá ṣí ilé náà. Ó yìn ín gidigidi, kò sì ṣe àṣìsọ, nítorí ilé náà lẹ́wà: òrùlé rìbìtì rẹ̀, tí a fi ti Pétérù Mímọ́ ní Róòmù ṣe àwòkọ́ṣe, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 272. Bí ìyìn ti ń lọ ni ìkùnsínú ń lọ lábẹ́lẹ̀. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni ìdìbò Gómìnà, ẹ̀yin yóò sì rò pé àwọn ènìyàn yóò lé ẹgbẹ́ náà kúrò lórí àga. Rárá o. Edwin Stuart, ọmọ ẹgbẹ́ Republican kan náà, ni ó wọlé. Àmọ́ ariwo ti pọ̀ ju èyí tí a lè fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ní ọdún 1907 a yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, a sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́.

Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbìmọ̀ pọ̀ láti rẹ́ ìpínlẹ̀ jẹ. Ní oṣù Mááṣì ọdún 1908, a dá àwọn mẹ́rin lẹ́bi: Sanderson, Snyder, Mathues àti Shumaker. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni a dá fún wọn. Bí wọ́n ti ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Sanderson kú, Mathues sì kú, wọn kò rí inú ẹ̀wọ̀n. Snyder àti Shumaker lọ. A dá ẹjọ́ Huston lọ́tọ̀ ní ọdún 1910, òun pẹ̀lú jẹ̀bi, ó sì wọ ẹ̀wọ̀n Philadelphia ní ọdún 1911. Aṣòfin àpapọ̀ kan, H. Burd Cassel, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe àwọn àpótí irin fún ìwé, dúró níwájú adájọ́ bákan náà, a sì dá a sílẹ̀.

Ẹnì kan kù tí ọ̀ràn rẹ̀ ṣòro fún wa láti dá. Samuel Pennypacker ni Gómìnà láti ọdún 1903 títí di 1907. Adájọ́ ni tẹ́lẹ̀, ọ̀mọ̀wé ni, olùfẹ́ ìwé àti ìtàn sì ni. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ìgbìmọ̀ náà ni òun náà jẹ́. A kò fi ẹ̀sùn kàn án, kò sì sí ẹni tí ó fi hàn pé dọ́là kan wọ àpò rẹ̀. Títí ó fi fi ayé sílẹ̀ ni ó ń wí pé ilé náà tó owó rẹ̀, ó sì kọ odidi ìwé kan ní ọdún 1911 láti gbèjà rẹ̀. A gbà pé olóòótọ́ ni. Síbẹ̀ ó jókòó ní tábìlì tí a ti ka àwọn iye wọ̀nyí, kò sì bèèrè ohun tí ìyàwó ilé ìbá bèèrè lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Irú rẹ̀ ni àwọn ayédèrú ènìyàn máa ń wá láti fi ṣe aṣọ ìbora, nítorí kò sí ẹni tí yóò fura sí tábìlì tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó sí. Àwa tí ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ mọ irú ìpàdé tí alàgbà ti ń sun oorun nígbà tí a ń ka ìwé owó.

Ìpínlẹ̀ gba apá kan nínú owó náà padà. Ní ti Berry, ó du ipò Gómìnà ní ọdún 1910 lábẹ́ ẹgbẹ́ titun kan tí a pè ní Keystone. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìjọba pín ìbò wọn sí ọ̀nà méjì, díẹ̀ ló sì kù kí ó wọlé, ṣùgbọ́n John Tener, ẹni tí ẹgbẹ́ Republican fà kalẹ̀, ni ó jáwé olúborí.

Ilé náà dúró títí di òní, ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin Pennsylvania sì ti ń ṣe ìpàdé. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí àwọn àwòrán tí obìnrin kan, Violet Oakley, yà sí ara ògiri yàrá Gómìnà nípa William Penn àti òmìnira ẹ̀sìn, yóò sì rí àwọn fìtílà tí a fi ìwọ̀n rà, tí wọ́n ṣì ń tàn lókè. Ní ẹnu ọ̀nà ńlá ni àwọn ère òkúta George Grey Barnard wà. Nítorí ìdàrúdàpọ̀ owó yìí ni ìyà fi jẹ ẹni náà gan-an nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù Òkítóbà ọdún 1911 ni a tó ṣí wọn sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn, ní ọdún kan náà tí Huston, ẹni tí ó ya gbogbo ilé náà, wọ ẹ̀wọ̀n.