Kòròfo Ọta: Bí Idẹ Ìbọn Kan Ṣe Ń Di Ti Òmíràn

Ọ̀pọ̀ ọta ìbọn tí ayé mọ̀ lónìí ni kò ní kòròfo tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kòròfo ọta mìíràn ni wọ́n fún lọ́rùn, tàbí tí wọ́n gé kúrú, tàbí tí wọ́n fẹ̀ lẹ́nu, títí ó fi bá ìbọn tuntun mu. Ó ti lé ní 150 ọdún tí iṣẹ́ yìí ti ń lọ, nílé iṣẹ́ ìjọba àti nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn aládàáni. Lójú tèmi, ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe wá mọ ìwà idẹ ni.

Ọdún 1866 ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún náà ni Edward Boxer, ológun ilẹ̀ Bírítéènì, àti Hiram Berdan ará Amẹ́ríkà gbé ìṣáná tí wọ́n ń tẹ̀ sí àárín ìdí kòròfo jáde, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ti Boxer ní ihò kan ṣoṣo láàárín. Abẹ́rẹ́ irin tí a bá kì bọ ẹnu kòròfo yóò ti ìṣáná tó ti jó jáde, a ó sì fi tuntun sí i. Ihò kéékèèké méjì ni ti Berdan ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín, abẹ́rẹ́ kò sì rí ọ̀nà gbà. Ohun ìyanu ni pé ti ará Bírítéènì ni Amẹ́ríkà gbà, tí Yúróòpù sì gba ti ará Amẹ́ríkà. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí àtúnlò kòròfo fi gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Bírítéènì gba ìbọn Snider, .577 ínǹṣì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ìbọn Martini-Henry lọ́dún 1871, wọ́n mú kí kòròfo Snider gùn sí i, wọ́n sì fún un lọ́rùn dé .450. Orúkọ ọta náà, .577/450, fi ìyá tó bí i hàn. Snider dé ilẹ̀ Yorùbá náà: nígbà ogun Kírìjì, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tí a ń kì láti ìdí gbà láti Èkó, ó sì kó ìdààmú ńlá bá àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn.

Ní ilẹ̀ Faransé, Paul Vieille ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín lọ́dún 1884. Kó tó di òpin 1886, wọ́n ti sáré fún kòròfo ìbọn Gras, mílímítà 11, lọ́rùn dé 8, kí ìbọn Lebel lè jáde. Ìkánjú yẹn hàn lára kòròfo náà, ìdí rẹ̀ sanra, ara rẹ̀ sì ń tínrín lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọrùn. Àpótí ọta ìbọn Chauchat, tó ń lo ọta yìí, wá tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé nítorí rẹ̀.

Idẹ kòròfo jẹ́ ìdá 70 bàbà àti ìdá 30 síńkì nínú 100. Bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń le sí i, agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ a sì há sínú rẹ̀. Ní Íńdíà, àwọn ọmọ ogun Bírítéènì rí i pé ọta tí wọ́n kó sí ilé ẹṣin lásìkò òjò ń sán. Kò sẹ́ni tó yìn ín, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọdún 1921 ni Moore, Beckinsale àti Mallinson ṣàlàyé rẹ̀: àmóníà inú ìtọ̀ ẹṣin ló ń bá agbára tó há sínú idẹ pàdé. Iná díẹ̀ tí a bá fi yá idẹ náà ló ń tú agbára ọ̀hún sílẹ̀.

Láìsí iná yìí, kòròfo tí a fún lọ́rùn lè ya. Wọ́n á to kòròfo sínú àwo omi kí omi bo ìdí rẹ̀, wọ́n á fi iná sí ọrùn títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí, wọ́n á sì tì í ṣubú sínú omi. Irin tó gbóná tí a bá tì bọ omi lè le. Idẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, iná ni omi kàn ń pa. Ìdí kòròfo kò gbọdọ̀ rọ̀ rárá, nítorí òun ló ń dúró de ìbúgbàù.

Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i ní Amẹ́ríkà. A. O. Niedner, oníṣẹ́ ìbọn, fún kòròfo .30-06, ọta ogun Amẹ́ríkà, lọ́rùn dé .25 ní nǹkan bí 1920. Ilé iṣẹ́ ìbọn Remington kò tà á títí di 1969. Ti Ned Roberts, tó fi kòròfo Mauser 7x57 ṣe, yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: 1934 ni Remington gbé e sọ́jà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí gan-an. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

Lẹ́yìn 1945, àìní ló ti iṣẹ́ náà síwájú. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ìbọn Arisaka ti Japan bọ̀ wálé, ọta mílímítà 7.7 rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìdí kòròfo .30-06 bá a mu. Wọ́n á fi gírísì pa á lára, wọ́n á tì í bọ mọ́ọ̀dù irin kí èjìká rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá gé e láti mílímítà 63 sí 58. Bí gírísì bá pọ̀ jù, èjìká á tẹ̀ wọnú. Bí kò bá tó, kòròfo á há. Ẹni tó bá sọ .30-06 di .308 tún ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí ohun tó jẹ́ ara kòròfo tẹ́lẹ̀ ló di ọrùn. Ó nípọn, bí wọn kò bá sì fá a, kò ní lè tú ọta sílẹ̀ bó ṣe yẹ, agbára inú ìbọn á sì ròkè débi ewu.

P. O. Ackley, oníṣẹ́ ìbọn ará Amẹ́ríkà tí ìwé ńlá rẹ̀ jáde lọ́dún 1962, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fẹ ilé ọta inú ìbọn, ó sì gbé èjìká rẹ̀ dìde sí 40 digírì. Ọta ọjà lásán ni wọ́n ń yìn nínú rẹ̀, kòròfo á sì fẹ̀ dé ìrísí tuntun kó tó jáde. Òun náà ló fi ìbọn ogun oríṣiríṣi ṣe ìdánwò títí wọ́n fi fọ́, Arisaka sì wà lára àwọn tó lágbára jù.

Èyí tó gbòde lónìí ni .300 Blackout, tí SAAMI, àjọ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ọta ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí lọ́dún 2011. Wọ́n ń gé kòròfo .223 nísàlẹ̀ èjìká, láti mílímítà 45 sí 35, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ kí ó gba ọta .30. Àkọlé .223 á ṣì wà ní ìdí rẹ̀. Bí irú ọta bẹ́ẹ̀ bá ṣèèṣì wọ ìbọn .223, tí wọ́n sì yìn ín, ìbọn yóò fọ́ mọ́ ẹni náà lójú. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń kọ orúkọ tuntun gàdàgbà sára páálí wọn, tí wọn kì í kó méjèèjì sínú àpò kan.